Ayọ̀délé Awójọbí: Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi sìtíárì méjì sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo

Ère Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí wà ní oríta Onike ní Yábàá, nílùú Èkó, kò jìnnà rárá sí Yunifásítì Èkó tó ti ṣiṣẹ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń yípo ère náà. Ẹ bi awakọ̀ mẹ́wàá tó ń gba ibẹ̀ kọjá léèrè ẹni tí ère náà jẹ́, ó ṣeé ṣe kí mẹ́jọ nínú wọn má mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mọ́tò àti sìtíárì wà lára ohun tó gbé orúkọ ọkùnrin náà jáde.

Àwa tí a wà ní Ọ̀tà àti Sàngó gan-an ló yẹ ká mọ̀ ọ́n jù. Ẹ wo àdúgbò wa. Láti Sàngó dé Ojú-Ọrẹ́, dé Ìjú, lọ sí ọ̀nà Ìdìròkò, iléeṣẹ́ ló tò lọ bẹẹrẹ: ti irin, ti ike, ti oúnjẹ, ti oògùn. Àdúgbò kan náà ni fásitì wà. Covenant bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Bells University of Technology bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òun sì ni fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ aládàáni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ ń dún lápá kan, àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀rọ lápá kejì. Ìgbàkígbà tí ìròyìn owó ìwádìí bá jáde, ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e: iṣẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe nínú yàrá ìwádìí, ta ni yóò gbé e dé iléeṣẹ́? Ta ni yóò sì sanwó rẹ̀? Ìbéèrè náà kì í ṣe tòní. Awójọbí kojú rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìyẹn la ṣe ní ká sọ ìtàn rẹ̀.

Ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní Òṣòdì. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú ni, ọ̀gá ibùdókọ̀ reluwé ló sì jẹ́. Ìyá rẹ̀, Comfort Bámidélé, ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni, òwò kékeré ló ń ṣe. Ojú irin tó gba Òṣòdì kọjá náà ló gba Agége lọ sí Agbádó, Ìjọ̀kọ àti Ìfọ̀, títí dé Abẹ́òkúta. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Ìjọ̀kọ tó ń gbọ́ fèrè reluwé lójoojúmọ́, ẹ mọ irú ariwo tó wà létí ọmọ náà láti kékeré.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fájì, l'Érékùṣù Èkó, ló lọ láti 1942 sí 1947. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sí CMS Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ girama tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un ní orúkọ ìnagijẹ tó kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ ọn. Ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ. Nígbà tó ku díẹ̀, ọmọ tó yẹ kó ṣe Macbeth fúnra rẹ̀ kò lè ṣe é mọ́. Ni Awójọbí bá bọ́ síbẹ̀. Ẹnu ya gbogbo èèyàn nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Macbeth nìkan ló ti há sórí, ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn òṣèré yòókù náà wà lórí rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bó ṣe di Macbeth nìyẹn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gbàgbé orúkọ náà.

Èèyàn lè rò pé ọmọ tó fẹ́ràn eré orí ìtàgé báyìí, iṣẹ́ lọ́yà tàbí olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló máa ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá jáde ní 1955, iṣẹ́ mẹ́jọ ló ti gba máàkì tó ga jù lọ. Ó kọrí sí Ìbàdàn, sí Nigerian College of Arts, Science and Technology.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, torí àwọn èèyàn ti ń gbàgbé rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, University College Ìbàdàn nìkan ni fásitì tó wà ní Nàìjíríà, kò sì sí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀ láti 1952, ó sì ní ẹ̀ka mẹ́ta: Zaria, Ìbàdàn àti Enugu. Zaria ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò pẹ́ láyé. Bí òmìnira ṣe dé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá fásitì tuntun sílẹ̀, ẹ̀ka Zaria di Ahmadu Bello University, ti Enugu bọ́ sọ́wọ́ Yunifásítì Nsukka, ti Ìbàdàn sì di ibi tí Yunifásítì Ifẹ̀ kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ sí kó tó lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Fásitì mẹ́ta ló jogún kọ́lẹ́ẹ̀jì kan. Nínú gbogbo ohun tí ìjọba ayé ìgbà náà ṣe fún ẹ̀kọ́ gíga, lójú tèmi, èyí wà lára àwọn tó méso jáde jù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan la máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, Awójọbí ṣe ìdánwò onípò gíga ní 1958, ó sì mókè gidi gan-an nínú fisíìsì àti oríṣi ìṣirò méjèèjì. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní sìkọ́láṣíìpù, ó lọ sí Zaria lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1962, ó jáde pẹ̀lú ipò kìn-ín-ní. Yunifásítì London ló fún un níwèé ẹ̀rí, torí àwọn ni wọ́n ń ṣèdánwò fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Kíá, ìjọba àpapọ̀ tún gbé sìkọ́láṣíìpù mìíràn lé e lọ́wọ́, ó di Imperial College ní London.

Ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọmọ ọ̀gá ibùdókọ̀ reluwé àti ìyá olówò kékeré ni. Owó ìlú ló rán an lọ sí Zaria, owó ìlú ló tún rán an lọ sí London. Títí dé ibi yìí, Nàìjíríà ṣe ojúṣe rẹ̀ fún un, kò sì yẹ ká fi dù ú.

Iṣẹ́ tó lọ ṣe ní London dà bí ohun tí kò kan èèyàn lásán, àfi ká túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tí Ọ̀tà á fi gbọ́. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá kan kalẹ̀ sínú iléeṣẹ́. Bó ṣe ń yí ló ń gbọ̀n. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ń gbọ̀n, torí ilẹ̀ kì í ṣe nǹkan tó le gbagidi bí a ṣe rò, ó máa ń rọ̀ wọlé díẹ̀, á tún ti ẹ̀rọ náà padà bíi sípíríǹgì. Ẹ̀rọ àti ilẹ̀ tó gbé e dúró ní ìwọ̀n eré kan tó jẹ́ pé òun ló bá wọn lára mu láti máa fì. Ẹni tó bá ti ti ọmọdé lórí jáńgílófà rí mọ̀ ọ́n: bó o bá ń tì í nígbà tó yẹ gẹ́lẹ́, agbára díẹ̀ ni wàá lò tí ọmọ náà á fi fò lọ sókè. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ. Bí eré tó ń sá bá lọ bá ìwọ̀n yẹn dọ́gba, gbígbọ̀n náà á di ńlá lójijì. Nọ́ọ̀tì á máa tú, kọnkéré á sán, ògiri á là, àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà iléeṣẹ́ náà kò sì ní lè sùn. A ò ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá iléeṣẹ́ irin ní Sàngó.

Ìṣirò tí yóò jẹ́ kí ẹlẹ́rọ mọ bí nǹkan wúwo ṣe máa fì lórí ilẹ̀, kó tó di pé wọ́n da kọnkéré sábẹ́ rẹ̀, ni Awójọbí jókòó tì. Ìṣirò náà le. Ilẹ̀ kò ní òpin lábẹ́ ẹ̀rọ, gbígbọ̀n náà sì ń rìn lọ síbi gbogbo nínú rẹ̀ bí omi tí wọ́n ju òkúta sí. Òun àti Grootenhuis tó jẹ́ olùkọ́ ní Imperial gbé iṣẹ́ náà jáde ní 1965 nínú ìwé ìwádìí Royal Society ti London, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ti wà láti 1660, tí Isaac Newton fúnra rẹ̀ ṣe ààrẹ rẹ̀ rí. Awójọbí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ní 1966, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ó padà wálé, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà, fásitì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1962. Àwọn ọdún yẹn kì í ṣe ọdún àlàáfíà. Ológun gbàjọba lẹ́ẹ̀mejì ní 1966, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó sì di 1970 kó tó parí. Síbẹ̀, àwọn ọmọ ń wọlé, ẹ̀kọ́ ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló fún un ní orúkọ ìnagijẹ kejì, Dead Easy, nítorí pé bí iṣẹ́ bá le tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo kíláàsì ti di orí mú, tó bá ti ṣàlàyé rẹ̀ tán, á dà bíi pé ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é.

Iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ kò dúró. Láti orí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ó tẹ̀ síwájú dé orí irú ilẹ̀ tó máa ń le sí i bí èèyàn bá ṣe ń walẹ̀ lọ, èyí tó sún mọ́ bí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ṣe rí lóòótọ́ ju ti inú ìwé lọ. Ní 1973, òun àti Gibson, ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ ilẹ̀, jọ gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé irú ìwádìí báyìí kò gba owó púpọ̀. Ìwé, kálámù, ọpọlọ àti àsìkò ló ń gbà. Ẹni tó bá mọ ìṣirò lè ṣe é ní Akọkà kó sì dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó wà ní London. Ìdí kan nìyẹn tí iṣẹ́ rẹ̀ apá yìí fi yọrí.

Imperial College rí àwọn iṣẹ́ náà, ní 1974 wọ́n sì fún un ní oyè DSc. Oyè yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jókòó sí kíláàsì gbà. Àkójọ iṣẹ́ tí èèyàn ti gbé jáde ni wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò, àwọn tó ti lé lógójì ọdún ni wọ́n sì sábà máa ń fún. Ọmọ ọdún 37 ni Awójọbí, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó padà dé tí Yunifásítì Èkó fi sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n fò ó kọjá ipò tó wà láàárín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ owó ti wọlé ni ọ̀rọ̀ mọ́tò.

Àwọn àgbà á rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ yẹn ni Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà tí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wa láti máa wakọ̀, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Òfin yí padà lóru ọjọ́ kan, mọ́tò kò yí padà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà nílẹ̀, apá ọ̀tún ni sìtíárì wọn wà. Awakọ̀ tó bá fẹ́ ya ẹlòmíì sílẹ̀ níláti na ọrùn bí àkùkọ kó tó rí iwájú. Awójọbí ní Opel Olympia Rekord kan tí ìdílé rẹ̀ ń lò. Ó tú u, ó sì gbé sìtíárì rẹ̀ láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Àwọn mẹkáníìkì wa ní Sàngó tó ti bá ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti ìlú òyìnbó ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé kì í ṣe sìtíárì nìkan lèèyàn ń gbé. Bíríkì ń bọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ń bọ̀, wáyà ń bọ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù náà ń bọ̀. Nígbà yẹn, ọ̀mọ̀wé fásitì tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kò wọ́pọ̀.

Kò dúró síbẹ̀. Ó mú ọkọ̀ jíìpù irú ti ológun, ó fi sìtíárì kejì sí òdìkejì ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì tún un ṣe tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ náà lè lọ síwájú, kó sì lọ sẹ́yìn, pẹ̀lú jíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ rántí bí ọkọ̀ lásán ṣe rí: rìfáàsì kan ṣoṣo ló ní, ó sì máa ń falẹ̀. Jíìpù Awójọbí kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bí ọ̀nà bá há, tàbí tí ọkọ̀ ológun bá kó sí ibùba, kò ní láti yí po. Awakọ̀ á kàn bọ́ sí sìtíárì kejì, á sì tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó pè é ní Autonov I. Nọ́ńbà kìn-ín-ní tó fi sára orúkọ náà sọ fún wa pé ó ní ìkejì lọ́kàn.

Autonov I kò wọ iléeṣẹ́ kankan. Ọkọ̀ kan yẹn náà ló mọ sí. Láti mú ọkọ̀ kan kúrò ní ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n fi ọwọ́ ṣe, kó tó di ohun tí iléeṣẹ́ ń ṣe ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, ó gba owó tí kò lè jáde láti inú owó oṣù olùkọ́. Ó gba kí wọ́n dán an wò, kó bàjẹ́, kí wọ́n tún un ṣe. Ó gba ẹni tó ń rọ irin sínú àwòṣe, ó gba banki, ó gba oníbàárà ńlá bí iléeṣẹ́ ológun.

Ká má parọ́, kì í ṣe pé owó kò sí nílùú. Owó epo ti gbéra láti 1973. Ní 1975, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, lọ́nà Badagry, Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna lọ́dún kan náà. Ìjọba àpapọ̀ ní ìpín nínú iléeṣẹ́ méjèèjì. Ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń tòkè òkun bọ̀ nínú àpótí, àwọn òṣìṣẹ́ wa ń tò ó pọ̀. Mi ò sọ pé iṣẹ́ yẹn kò dáa, ọ̀pọ̀ ìdílé ló jẹun níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì kọ́ṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú kan náà tó rí owó fi to ọkọ̀ tí wọ́n yà lórí bébà ní Jámánì àti Faransé, kò rí ọ̀nà tí ọkọ̀ tí wọ́n yà ní Akọkà máa gbà dé ibi kan náà. Ọ̀nà yẹn ló ṣòro ju owó lọ. Títí di òní, ẹ rìn láti géètì fásitì kan ní Ọ̀tà lọ sí géètì iléeṣẹ́ kan, kò ju ìrìn ọ̀kadà lọ. Ọ̀nà tí mò ń sọ yìí gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láàárín ìgbà náà, orúkọ rẹ̀ ti kọjá ọgbà fásitì. Àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n mọ̀ ọ́n sí olùbéèrè lórí ètò ìdíje ìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mastermind. Iṣẹ́ yẹn bá a lára mu dáadáa: ẹni tó há odindi eré Shakespeare sórí, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú èrò.

Àmọ́ inú ọgbà fásitì kò rọgbọ. Ní oṣù kẹrin 1978, ìjọba ológun fi owó kún owó oúnjẹ àti ilé gbígbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Oúnjẹ òòjọ́ tó jẹ́ kọ́bọ̀ 50 di náírà kan àti kọ́bọ̀ 50. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ń bá kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, wí, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pe rògbòdìyàn náà ní Ali Must Go. Ìbọn ba akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó kan, Akíntúndé Òjó, ó sì kú. Ìjọba yọ ọ̀gá àgbà fásitì náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adé Àjàyí, nípò. Ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, ASUU, sílẹ̀. Láti ìgbà náà la ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ nítorí owó fásitì, àwọn ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn sì ti ní ọmọ nílé báyìí.

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé ní 1979, Awójọbí kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ń lọ láti fásitì kan sí òmíràn, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú. Ó kọ ìwé lórí ibi tí owó epo gbà lọ. Lẹ́yìn ìdìbò 1983 tí wọ́n kéde pé Ààrẹ Shehu Shagari ló tún wọlé, ó ní magomago wà nínú rẹ̀, ó sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé òfin bí ẹni tó fẹ́ di lọ́yà. Àwọn ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ nù. Ó tún múra, ó tún lọ.

Àwọn kan gbà pé àsìkò tó fi ń jà yẹn, ì bá ti fi ṣe Autonov kejì. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti rí i pé kì í ṣe ìṣirò ló dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ bí ìlú ṣe ń ná owó ni, ibi tí ọ̀nà ti dí ló lọ. Bóyá ó yẹ kó dín eré kù ni mo lè bá wọn fà á.

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tó kan ìpínlẹ̀ Ògùn gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn fásitì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀: Owerri, Àkúrẹ́, Bauchi, Makurdi, Yola, Minna. Abẹ́òkúta gba tirẹ̀ ní oṣù kìíní 1983. Ohun tí irú àwọn Awójọbí ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó jẹ́ pé ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ọwọ́ ni olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí ìpínlẹ̀ tí iléeṣẹ́ ń sáré wọ̀ nítorí pé ó fi ara kan Èkó. Kò pé ọdún méjì. Ológun gbàjọba ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1983, owó ti gbẹ nílé ìjọba, wọ́n ní fásitì ti pọ̀ jù. Nígbà tó di 1984, wọ́n da Bauchi pọ̀ mọ́ Zaria, Makurdi mọ́ Jos, Yola mọ́ Maiduguri. Abẹ́òkúta di ẹ̀ka Yunifásítì Èkó, ìyẹn fásitì Awójọbí fúnra rẹ̀.

Lọ́dún yẹn kan náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí jáde láyé. Ọmọ ọdún 47 ni. Ó fi ìyàwó rẹ̀, Ìyábọ̀dé, àti àwọn ọmọ sáyé lọ.

Abẹ́òkúta tún dá dúró ní oṣù kìíní 1988, àmọ́ kò padà sí ti ìmọ̀ ẹ̀rọ mọ́. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà, òun náà la mọ̀ sí FUNAAB lónìí. Iṣẹ́ ńlá ni FUNAAB ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n fásitì tó ń jẹ́ ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti bọ́ lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn, nígbà tí iléeṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ọ̀tà àti Àgbárá lójoojúmọ́. Ó di 2005 kí Bells tó ṣílẹ̀kùn, ti aládàáni sì ni.

Ní ti owó, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ikú Awójọbí, ní 1993, ìjọba ṣòfin owó orí ẹ̀kọ́. Òfin náà ní kí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa mú 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ wá fún ètò ẹ̀kọ́, ìjọba sì tún fi kún un lẹ́yìn náà. Ní 2011, òfin tuntun sọ àjọ tó ń bójú tó owó náà di TETFund, ó sì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọba dá sílẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa ná an fún. Ẹ wo bó ṣe kan àdúgbò wa. Iléeṣẹ́ Ọ̀tà ti san owó yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. FUNAAB ń jẹ nínú rẹ̀, Federal Polytechnic Ìlaròó náà ń jẹ níbẹ̀. Bells àti Covenant tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́ wọ̀nyí kò sí lára wọn. Àwọn kan á ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ òbí kò tún gbọ́dọ̀ gba ti ìjọba. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó bá sán nínú iléeṣẹ́ kò ní béèrè bóyá fásitì ìjọba ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ti jáde.

Ìwádìí tí Awójọbí àti Grootenhuis gbé jáde ní 1965 ṣì wà nínú àkójọ ìwé Royal Society, ẹni tó bá ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wá a rí. Àwọn tó ń kọ̀wé lórí bí ilẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ẹ̀rọ ṣì ń dárúkọ wọn nínú ìṣirò tiwọn. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógójì ló gbà, àti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, ẹ̀rọ tó wúwo àti ilẹ̀ tó gbé e ló ń sọ.